Ohun tí Eré Ìje Ń Ṣe sí Ẹ̀jẹ̀ Ẹṣin: Àlàyé àti Èdè-Ìperí

1. Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé, ní èdè Yorùbá, ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ ẹṣin nígbà tí ó bá sáré tagbáratagbára, kí a sì fi àlàyé náà dán èdè-ìperí mélòó kan wò. Ìdí tí a fi yan kókó yìí ni pé ó ń fi àìpé kan hàn nínú ọ̀nà tí a ń gbà sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀. A máa ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn pọ̀, pé ó kéré, tàbí pé kò tó. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tó fún ìtàkúrọ̀sọ ojoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ tàbí ògbufọ̀ bá fi wọ́n túmọ̀ ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nípa ẹṣin, ohun tí kì í ṣe òótọ́ ni yóò kọ sílẹ̀, àṣìtumọ̀ náà sì lè mú kí a pe ẹranko aláìsàn ní abarapá.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, ti fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi kọ́ni ní ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Iṣẹ́ tí ó kù nípa ìmọ̀ ara ẹ̀dá pọ̀. Ìlànà tí a tẹ̀ lé níhìn-ín ni pé kí a kọ́kọ́ mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ kí a tó sọ ọ́ lórúkọ, àti pé kí àwọn orúkọ tí a bá yàn fún nǹkan tí ó jẹ́ ẹbí kan náà fara mọ́ ara wọn.

2. Ẹṣin ní ilẹ̀ Yorùbá

Ẹṣin kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin wà lára ohun tí ó sọ Ọ̀yọ́ Ilé di alágbára, nítorí pé ilẹ̀ ọ̀dàn ni ìlú náà tẹ̀dó sí. Bí a bá ti ń sún sí ìhà gúúsù tí igbó ń di sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹṣin ń ṣọ̀wọ́n sí i. Àwọn ìlú méje Ìbàràpá, èyí tí í ṣe Igbó-Ọrà, Èrúwà, Láńlátẹ̀, Ayétẹ̀, Tápà, Ìdèrè àti Ìgàngán, wà ní agbedeméjì ọ̀dàn àti igbó. Ọ̀dàn ni ó gba ibi tí ó pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n igi máa ń ṣú lẹ́bàá odò. Ibi tí igi bá ti ṣú lẹ́bàá odò bẹ́ẹ̀ ni àwọn irú eṣinṣin tsetse kan fẹ́ràn láti máa gbé.

Eṣinṣin yìí ni ó ń gbé kòkòrò tíńtìntín kan, tiripanosóòmù, láti ara ẹran kan lọ sí ara òmíràn. Bí kòkòrò náà bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin, ara ẹṣin náà yóò máa gbóná lóòrèkóòrè, yóò máa rù, àwọn ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò máa bàjẹ́ ju bí ara ti lè pèsè òmíràn lọ. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, yóò kú. Àìsàn yìí wà lára ìdí pàtàkì tí sísin ẹṣin kò fi gbilẹ̀ ní ìhà gúúsù, tí ó fi jẹ́ pé láti Òkè Ọya ni a ti ń ra ẹṣin tí ọba àti ìjòyè ń gùn.

Síbẹ̀, a kò ṣe aláìrí ẹṣin tí ń sáré. Wọ́n sá eré ìje ẹṣin ní Èkó fún ọdún púpọ̀ kí a tó sọ pápá náà di Gbàgede Tafawa Balewa ní 1972. Wọ́n ń fi ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù pólò ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn ìdílé Balógun máa ń gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀, wọn a sì máa sá a níwájú èrò. Ẹni tí ó bá wo irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ nígbà tí eré bá parí yóò rí i pé ihò imú rẹ̀ fẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, òógùn bò ó, òpó ẹ̀jẹ̀ sì yọ lábẹ́ awọ rẹ̀. Ohun tí ojú lásán kò lè rí ni ó kan àpilẹ̀kọ yìí.

3. Hóró àti omi ẹ̀jẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi ògì ṣe àpèjúwe. Bí a bá po ògì tútù mọ́ omi nínú ìgò, tí a sì gbé e kalẹ̀ di òwúrọ̀, ògì yóò rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀, omi yóò sì tòrò lókè. A lè fi ojú wọn ìdá tí ògì jẹ́ nínú gbogbo ohun tí ó wà nínú ìgò náà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ rí. Bí a bá fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ọ̀pá gíláàsì tíńrín, tí a fi í sínú ẹ̀rọ tí ń yí bírí fún ìṣẹ́jú mélòó kan, yóò pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ohun pupa yóò kó sí ìsàlẹ̀. Ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò wà lórí rẹ̀. Omi tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú yóò sì wà lókè pátápátá. A dá a lábàá pé kí a máa pe ohun pupa wọ̀nyẹn ní hóró pupa, kí a pe ti funfun ní hóró funfun, kí a sì pe omi tí ó gbé wọn ní omi ẹ̀jẹ̀.

Àwọn kan yóò béèrè pé kí ni ó burú nínú ọ̀rọ̀ àyálò náà, sẹ́ẹ̀lì, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀, a kò sì ní kí a pa á tì. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ni orúkọ gbogbogbòò fún gbogbo ohun tí a fi mọ ara ẹ̀dá, láti ara awọ títí dé ara ọpọlọ. Àwọn ti inú ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ ní ti pé wọn kò so mọ́ ara wọn: wọ́n ń léfòó lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a lè kà wọ́n, wọ́n sì kéré, bí hóró ọkà. Orúkọ náà ń sọ ìrísí wọn àti ìṣe wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Nínú hóró pupa ni hẹmoglóbìnì wà, ohun tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ́n, tí ó sì ń gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ bí ẹ̀jẹ̀ kan ti lè gbé ọ́síjìn tó, ohun tí a máa kọ́kọ́ wò ni ìdá tí hóró pupa jẹ́ nínú rẹ̀. Èyí ni a fẹ́ kí a máa pè ní ìpín hóró. Bí ó bá jẹ́ pé nínú ọgọ́rùn-ún ìdá ẹ̀jẹ̀, 40 ni hóró pupa, a ó wí pé ìpín hóró ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́ 40 nínú 100.

4. Ọlọ inú: àká ẹ̀jẹ̀

Nígbà tí ẹṣin eré ìje bá dúró jẹ́ẹ́ ní ibùjẹ rẹ̀, ìpín hóró rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 35 àti 45 nínú 100. Bí ẹṣin kan náà bá sáré dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ìpín hóró náà lè gòkè dé 60 sí 65. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni èyí ń ṣẹlẹ̀. Ara kò lè ṣẹ̀dá hóró tuntun tó bẹ́ẹ̀ ní irú àsìkò kúkúrú yẹn, nítorí pé inú mùdùnmúdùn egungun ni a ti ń ṣẹ̀dá wọn, ó sì ń gba ọjọ́ mélòó kan kí ọ̀kan tó gbó. Níbo ni wọ́n ti wá?

Ẹ̀yà ara pẹlẹbẹ kan wà ní apá òsì inú ikùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpòlúkù. Àwọn alápatà mọ̀ ọ́n dáadáa nínú ẹran tí wọ́n ń kun. Ọlọ inú ni a ó máa pè é níhìn-ín. Lára ẹṣin, ọlọ inú tóbi, ara rẹ̀ sì lè fà, ó lè sún kì. Nígbà ìsinmi, ó lè tọ́jú ẹ̀jẹ̀ tí ó tó lítà 6 sí 12, ẹ̀jẹ̀ náà sì kún fún hóró ju èyí tí ń káàkiri ara lọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo hóró pupa ẹṣin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lè wà ní ìpamọ́ níbẹ̀.

Bí ẹṣin bá ta gìrì, ara rẹ̀ yóò tú oje kan tí a ń pè ní adirẹnalínì sínú ẹ̀jẹ̀. A dábàá oje ìtagìrì fún un, nítorí pé àkókò ìbẹ̀rù, ìbínú àti ìdíje ni ó ń tú jáde jù. Oje yìí, pẹ̀lú àṣẹ tí ó ń ti inú ọpọlọ wá, ni ó ń mú kí ọlọ inú sún kì, kí ó sì tú hóró tí ó wà ní ìpamọ́ sí ojú ọ̀nà. Bí eré bá parí tí ara ẹṣin sì rọlẹ̀, hóró náà yóò máa padà síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ àká ni èyí. Àgbẹ̀ Ìbàràpá tí ó kó àgbàdo sí àká kò tíì ní àgbàdo tuntun ní ọjọ́ tí ó ṣí i. Èyí tí ó ti ní tẹ́lẹ̀ ni ó gbé jáde. Nítorí náà ni a fi dábàá àká ẹ̀jẹ̀ fún iṣẹ́ tí ọlọ inú ẹṣin ń ṣe yìí. Ọlọ inú ni orúkọ ẹ̀yà ara. Àká ẹ̀jẹ̀ ni orúkọ iṣẹ́. Ó yẹ kí a ya méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí pé ènìyàn náà ní ọlọ inú, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí ó wà ní ìpamọ́ nínú tiwa kéré púpọ̀. Ajá ọdẹ sún mọ́ ẹṣin jù wá lọ ní ti èyí.

Joseph Barcroft ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tí ó fi hàn, ní nǹkan bí ọdún 1920 sí 1930, pé ọlọ inú lè ṣe iṣẹ́ àká lára ẹranko. Ní 1967, Sune Persson ti ilẹ̀ Súwídìn tẹ ìwé kan jáde lórí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ẹṣin àti agbára iṣẹ́ rẹ̀. Kókó inú irú iṣẹ́ yìí ni pé ìpín hóró ẹṣin tí ó dúró jẹ́ẹ́ kò lè sọ gbogbo ohun tí ó ní fún wa, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé apá kan ṣì wà ní àká.

5. Èrè rẹ̀ àti ohun tí ó ń náni

Èrè rẹ̀ hàn gbangba. Ọkàn ẹṣin tí ń lù ní nǹkan bí ìgbà 30 sí 40 ní ìṣẹ́jú kan nígbà ìsinmi lè lù ju ìgbà 220 lọ nígbà eré. Bí ọkàn ṣe ń yára gbé ẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ náà sì kún fún hóró, ẹran ara ń rí ọ́síjìn gbà lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìdí nìyí tí ẹṣin eré ìje fi ń lo ọ́síjìn, fún kílógíráàmù ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ti akọni eléré ìdárayá láàárín ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí hóró rẹ̀ pọ̀ yóò ki. Gbogbo ẹni tí ó bá ti ro ẹ̀kọ rí mọ̀ pé bí ó bá ti ń ki ni ọwọ́ ń wúwo. A dábàá kíki ẹ̀jẹ̀ fún ànímọ́ yìí. Ọkàn ní láti fi agbára ńlá ti ẹ̀jẹ̀ tí ó ki, ipá ẹ̀jẹ̀ yóò sì ga gan-an nínú àwọn òpó tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró. Òmíràn nínú àwọn òpó náà a máa ya, ẹ̀jẹ̀ a sì dà sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Èyí wọ́pọ̀ púpọ̀ lára ẹṣin eré ìje káàkiri àgbáyé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú wọn ni ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní imú wọn. Awò tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń tì bọ ọ̀nà ọ̀fun ni ó ń fi ti àwọn yòókù hàn. Ẹ̀jẹ̀ dídà sí ẹ̀dọ̀fóró ni a ó pè é. Kí ògbufọ̀ má ṣe pe ipá tí ó fa èyí ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àìsàn tí ń bá ènìyàn gbé ni ẹ̀jẹ̀ ríru ní èdè wa. Ti ẹṣin yìí ń gòkè nígbà eré, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn eré.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé pẹ̀lú ìdí tí a fi ń lo òpó ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara níhìn-ín dípò iṣan. Iṣan ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ jù ní èdè wa: ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ni, ohun tí ń mú apá gbé ẹrù ni, òun kan náà ni ohun tí ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ. Nínú àlàyé tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé, òǹkàwé kò ní mọ èyí tí a ń wí.

6. Ásíìdì omikan

Bí eré bá le dé ìwọ̀n kan, ọ́síjìn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé wá kò ní í ká iṣẹ́ tí ẹran ara ń ṣe mọ́. Ẹran ara yóò wá máa fọ́ ṣúgà láìlo ọ́síjìn, ohun tí yóò sì ti ibẹ̀ jáde ni ásíìdì kan tí ó jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí ń mú kí omi ògì kan, tí ó ń mú kí wàrà kan. Kí ni ó dé tí a ó fi máa wá orúkọ rẹ̀ kiri nínú èdè ẹlẹ́dè? Ásíìdì omikan bá a mu rẹ́gí, nítorí pé ohun kan náà gan-an ni.

Nígbà ìsinmi, ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin jẹ́ nǹkan bí mílímóòlù 1 nínú lítà kan. Lẹ́yìn eré ìje kíkankíkan, ó lè ju 20 lọ. Ìwọ̀n ìkan ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú ń yí padà. Lórí òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń lò, tí ó jẹ́ pé bí nǹkan bá ti ń kan sí i ni nọ́ńbà rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ó wà ní 7.4 lè sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bí 7.0. Ìyípadà yìí dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ó pọ̀ fún ẹ̀dá alààyè.

Àwọn ìwé kan máa ń pe ásíìdì yìí ní ìdọ̀tí ara tàbí májèlé. Kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọkàn àti ẹran ara mìíràn ń gbà á, wọ́n sì ń lò ó bí epo. Ẹ̀dọ̀ pẹ̀lú ń sọ ọ́ padà di ṣúgà. Ògbufọ̀ tí ó bá pè é ní ìdọ̀tí ti fi ìdájọ́ tirẹ̀ sínú ìtumọ̀.

7. Ewu tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ‘pọ̀’

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ wa ti fẹ́ délé. Bí a bá kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ‘ń pọ̀ sí i’ nígbà eré, kí ni a sọ? Hóró tí ń káàkiri ti pọ̀ sí i lóòótọ́, nítorí pé àká ṣí. Ṣùgbọ́n hóró tí ó wà nínú gbogbo ara kò fi ẹyọ kan lé. Yàtọ̀ sí èyí, ẹṣin ń làágùn, omi sì ń fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lọ sínú ẹran ara. Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ìgò ògì. Ìdá ògì inú ìgò lè ga sí i nítorí pé a bu ògì kún un. Ó sì lè ga sí i nítorí pé a da omi rẹ̀ nù. Ìpín hóró nìkan kò lè sọ èyí tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹṣin tí ó ti rìn jìnnà nínú oòrùn lè ní ìpín hóró gíga nítorí pé òùngbẹ fẹ́ pa á.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo ẹṣin tí tiripanosóòmù ti wọ ara rẹ̀. Ká ní ìpín hóró rẹ̀ nígbà ìsinmi jẹ́ 24. Aláìsàn ni. Bí a bá fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kété lẹ́yìn tí ó sáré, tàbí lẹ́yìn tí ó bá ẹni tí ó mú abẹ́rẹ́ wá jìjàkadì, ọlọ inú rẹ̀ yóò ti sún kì, nọ́ńbà tí a ó rí yóò sì ga ju ìyẹn lọ. Ẹni tí ó kà nínú ìwé ìkọ́ni pé ‘ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ tó’ yóò dá ẹṣin náà padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn ẹranko fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí a fa ẹ̀jẹ̀ ẹṣin nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, kí a sì kọ ipò tí ó wà nígbà náà sílẹ̀.

Òdìkejì ọ̀rọ̀ yìí wà ní Ìbàràpá fúnra rẹ̀, kì í sì í ṣe lára ẹṣin. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti dá iṣẹ́ ìlera àwùjọ sílẹ̀ ní Ìbàràpá, tí Igbó-Ọrà sì jẹ́ ibùdó rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn káàkiri ilẹ̀ wa, a máa ń sọ fún aboyún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ aboyún pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó lè fi ìdá méjì nínú márùn-ún lé sí i. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé omi ẹ̀jẹ̀ fi púpọ̀ lé ju hóró lọ, ìpín hóró sì wálẹ̀. Lára ẹni tí ó lóyún ìbejì, omi ẹ̀jẹ̀ ń lé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Igbó-Ọrà sì nìyí, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbejì. Bí ìpín hóró bá wálẹ̀ jù, ìtọ́jú di dandan. Ṣùgbọ́n aboyún tí a sọ fún pé hóró ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kò tó yóò lóye ìdí tí a fi fún un ní oògùn onírin àti oúnjẹ tí ń ṣara lóore. Èyí tí a sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó lè máa wá ohun pupa mu.

8. Àkójọ àwọn èdè-ìperí

Hóró pupa: ohun tíńtìntín inú ẹ̀jẹ̀ tí ń gbé ọ́síjìn.
Omi ẹ̀jẹ̀: omi tí hóró ń léfòó nínú rẹ̀.
Ìpín hóró: ìdá tí hóró pupa jẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún ìdá ẹ̀jẹ̀.
Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀: iye lítà ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nínú ara.
Kíki ẹ̀jẹ̀: bí ẹ̀jẹ̀ ti wúwo tó láti ṣàn.
Ipá ẹ̀jẹ̀: agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara òpó rẹ̀.
Ọlọ inú: ẹ̀yà ara pẹlẹbẹ tí ó wà ní apá òsì ikùn.
Àká ẹ̀jẹ̀: iṣẹ́ ìpamọ́ hóró tí ọlọ inú àwọn ẹranko kan ń ṣe.
Oje ìtagìrì: adirẹnalínì.
Ásíìdì omikan: ásíìdì tí ń jáde nígbà tí a bá fọ́ ṣúgà láìlo ọ́síjìn.

9. Ìkádìí

Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, lábẹ́ Babs Fafunwa, ti fi hàn pé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì, kí ó sì yege. Ohun tí ó kù sọ́wọ́ àwa olùkọ́ àti ògbufọ̀ ni pé kí Yorùbá tí a fi ń kọ́ ọ má ṣe ṣókùnkùn ju ìmọ̀ náà lọ. Nígbàkígbà tí a bá rí i nínú ìwé pé nǹkan kan pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè: ṣé ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ni, àbí ìpín hóró, àbí kíki rẹ̀, àbí ipá rẹ̀? Bí a bá ti rí ìdáhùn, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ti wà nílẹ̀. Olùkọ́ tí kò sì ní ẹ̀rọ ayíbírí ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgò kan, omi, àti ògì díẹ̀ láti ọjà Èrúwà.